Fèrè Tí Àṣàkẹ́ Kò Fọn

"Ẹ̀yin òbí, ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ yín o. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n súfèé lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ẹ má wò ó pé ìlú òyìnbó la wà. Ejò kò mọ ààlà."

Ohùn ìyá kan ló sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí WhatsApp, nínú ẹgbẹ́ àwa òbí ọmọ Ẹ̀gbá tí a wà ní agbègbè yìí. Ènìyàn dáadáa ni ìyá náà. Òun ló gbé ọbẹ̀ wá fún mi nígbà tí àìsàn dá mi dúbúlẹ̀ ní ọdún tí mo dé. Kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, àwọn òbí yòókù ti ń fèsì: "Ẹ ṣé, mà." "Òótọ́ ni." "Mo ti sọ fún tèmi."

Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo lọ wo Àṣàkẹ́ ọmọ mi nínú yàrá rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló wà. Ó ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀ lọ́wọ́.

Ó ní, "Mọ́mì, kí ló dé?"

Mo ní kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nǹkan wà. Mi ò lè sọ ọ́ tán lórí fóònù, nítorí náà ni mo ṣe jókòó kọ ọ́. Ilé ìwé girama ni mo kà mọ, mi ò mọ ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́ kọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni màá sọ, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Adigbe ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ní Abẹ́òkúta. Ìyá mi ń ta òwú, bọ́tìnì àti síìpù fún àwọn aránṣọ ní Ìtòkú. Bàbá mi ní oko ẹ̀gẹ́ ní ọ̀nà Kọ́bapẹ́. Bí a bá wà lóko, lọ́sàn-án gangan, súfèé ni bàbá mi fi máa ń pè wá láti òpin oko kan dé òpin kejì, kò sì sí ẹni tó rí i bí ohun tó burú. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti wọ̀ tí a ti délé, ẹni tó bá ṣu ẹnu jọ láti súfèé, ọwọ́ ìyá mi ti dé ẹnu rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó jáde. "Ejò lo fẹ́ pè wá bá wa nínú ilé yìí?" Kò sí èyí tó bèèrè ìdí nínú àwa ọmọ. Ta ló ń bèèrè? Mo gbé òfin náà wọ bàálù gẹ́gẹ́ bí mo ṣe gbé orúkọ mi wọ̀ ọ́.

Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbí. Gbogbo ènìyàn ti sọ ti òtútù fún mi, mo sì ti ra aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. Súfèé ni. Ìlú kékeré ni ibí, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì dákẹ́ débi pé o lè gbọ́ ẹsẹ̀ ológbò lórí òrùlé. Àsìkò tí mo dé, ilẹ̀ ti máa ń ṣú kí ọmọ tó ti ilé ìwé dé. Nínú òkùnkùn yẹn ni mo máa ń gbọ́ wọn. Ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà máa ń súfèé wọ àdúgbò wa kí ilẹ̀ tó mọ́. Aládùúgbò wa máa ń súfèé pe ajá rẹ̀ wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Mo máa ń fa aṣọ fèrèsé dé, kí n wá wo abẹ́ ibùsùn. Mo mọ̀ pé kò sí ejò níbẹ̀. Mo ṣì ń wò ó.

Bàbá Àṣàkẹ́ wà ní Abẹ́òkúta nígbà náà, ó ń retí físà tirẹ̀. Èmi àti ọmọ nìkan la wà. Bí ẹ̀rù bá ń bà mí, mi ò ní ẹni tí màá sọ fún ju ìyá mi lórí fóònù, èmi kì í sì í sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kí ọkàn òun náà má bàa dàrú.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti rí iṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé tíréè oúnjẹ kọjá níwájú yàrá bàbá àgbàlagbà kan, bàbá náà sì súfèé sí mi. Súfèé kúkúrú, tó mú bí abẹ́rẹ́. Mo dúró. Gbogbo ara mi gbóná.

Mo ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí lórúkọ. Níbi tí mo ti wá, ajá la ń súfèé pè."

Ó ní, "Níbi tí èmi náà ti wá, ajá ni."

Mo fẹ́ máa lọ. Ó gbé ọwọ́ sókè. "Má bínú. Aago tí a fi ń pè yín ti bàjẹ́, mi ò sì ní èémí tí mo lè fi pariwo mọ́. Èyí nìkan ló kù mí kù."

Mo wo aago náà, ó bàjẹ́ lóòótọ́. Mo lọ sọ fún ọ̀gá wa, wọ́n tún un ṣe, ṣùgbọ́n bàbá náà kò lò ó fún mi. Súfèé ló fi ń pè mí, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Bàbá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín sí i. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ó pẹ́ tí ẹnì kan ti pe òun ní nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ tó ṣe nígbà tó lágbára ni pé ó ń da àgùntàn lórí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú, òun àti àwọn ajá rẹ̀. Ó ní súfèé kan wà tó ń sọ fún ajá pé kó yà sí ọ̀tún, òmíràn ń sọ pé kó dùbúlẹ̀, òmíràn pé kó máa bọ̀ nílé. Mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé mo ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ olùṣọ́ àgùntàn.

Ìyá mi ní, "Pásítọ̀? Ìwọ ọmọ Mùsùlùmí?"

"Rárá o, Màmá. Àgùntàn gidi. Èyí tó ń jẹ koríko."

"Kí ló dé tí kò fi kó wọn wá bá wa nígbà Iléyá?"

Bàbá fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Èmi náà fẹ́ràn kí n mọ ohun tí ọ̀rọ̀ túmọ̀ sí gan-an, nítorí pé ẹni tó wà lájèjì tí kò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú ìjàngbọ̀n. Nítorí náà, bí mo bá ń tún ibùsùn rẹ̀ ṣe, màá bi í léèrè. Whistle, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe súfèé, ó ní ó ti wà lẹ́nu àwọn baba ńlá àwọn láti ayé àtijọ́. Ó ní orúkọ ohun tí a ń fẹnu fọn ni tẹ́lẹ̀, ọ̀pá oníhò tí wọ́n ń gbẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi pe ohun tí ẹnu fúnra rẹ̀ ń ṣe. Ó ní kì í ṣe pé ẹnì kan jókòó ṣe ọ̀rọ̀ náà. Ìró rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ. "Fi ẹnu pè é díẹ̀díẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ ń jáde."

Mo ní tiwa náà rí bẹ́ẹ̀. Mo ní kó pè é: súfèé. Ó pè é, afẹ́fẹ́ sì gba àárín eyín rẹ̀ tó kù jáde. Ó pè é dáadáa ju bó ṣe ń pe orúkọ mi lọ. Mo padà sílé lọ́jọ́ náà bí ẹni tó rí ẹ̀bùn gbà. Ọ̀rọ̀ mi kan ti wọ ẹnu ẹnì kan níbí.

Ó là mí lọ́yẹ̀ pé ọ̀nà ọ̀fun ènìyàn náà ń jẹ́ whistle lẹ́nu àwọn àgbà wọn, ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ á ní òun fẹ́ rẹ ẹ́. Nígbà tí mo tọrọ ìsinmi ọjọ́ Iléyá, tí ẹnì kan níbi iṣẹ́ sọ fún mi pé kí n máa súfèé pè é, Bàbá ló sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún mi: n kò ní í rí i gbà. Ó ní àwọn atukọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́ lójú òkun, wọ́n á máa súfèé pè é, afẹ́fẹ́ a sì wá nígbà tó bá wù ú. Yàtọ̀ sí ìgbà náà, ó ní èèwọ̀ ni súfèé nínú ọkọ̀, kó má bàa pe ìjì.

Mo dá iṣẹ́ ọwọ́ mi dúró. "Èèwọ̀? Ẹ̀yin náà ní èèwọ̀?"

"A ní in o. Bàbá mi ń wa èédú lábẹ́ ilẹ̀. Ẹni tó bá súfèé nínú kòtò, wọ́n á lé e jáde. Wọ́n ní ó ń fa oríburúkú." Ó fi ìka kan etí rẹ̀. "Ṣùgbọ́n bàbá mi sọ fún mi pé nítorí etí ni. Òkè kòtò máa ń dún díẹ̀ kó tó wó. Wọn ò fẹ́ kí ohunkóhun bo ìró yẹn mọ́lẹ̀." Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn ìyá wa náà ní obìnrin tó ń súfèé àti àgbébọ̀ tó ń kọ, kò sí èyí tó dára fún ẹnikẹ́ni."

Mo ní, "Nílé wa, àgbébọ̀ tó bá kọ bí àkùkọ, ọbẹ̀ ni."

A rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Mo rò ó lọ́nà ilé pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí náà ní ohun tí ìyá wọn kò gbà kí wọ́n ṣe. Ìgbà náà ni ọkàn mi kọ́kọ́ balẹ̀ díẹ̀ nínú ìlú yìí. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ nípa etí, mo gbọ́ ọ, mo sì jẹ́ kó kọjá.

Ní ọjọ́ Sátidé, bí kò bá sí ẹni tí màá fi Àṣàkẹ́ sílẹ̀ fún, ọ̀gá wa máa ń gbà kó wá bá àwọn arúgbó ṣeré. Ọ̀dọ̀ Bàbá ló máa ń lọ. Ní ọjọ́ kan tí mo yọjú wọ yàrá rẹ̀, mo bá wọn tí àwọn méjèèjì ki ìka bọ ẹnu. Bàbá ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń súfèé tí yóò dé òkè kejì. Ọ̀sán ni, mi ò sọ nǹkan kan.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àṣàkẹ́ ń fọ abọ́, ilẹ̀ ti ṣú, mo sì wà lórí fóònù pẹ̀lú ìyá mi. Ọmọ náà súfèé. Mo kígbe mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí abọ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ejò lo fẹ́ pè wá bá wa?"

"Mọ́mì, ṣé ejò wà níbí?"

Ìyá mi dá sí i láti inú fóònù. "Bi í pé ta ló sọ fún un pé kò sí. Ejò kì í gba físà kó tó wọ̀lú."

Èmi àti ìyá mi rẹ́rìn-ín. Àṣàkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó máa ń fi ọ̀rọ̀ sọ́kàn ni. Ọ̀dọ̀ mi ló ti mú un. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Tó bá jẹ́ fèrè ńkọ́, èyí tí kì í ṣe ẹnu?"

Mo fẹ́ràn kí òfin má ní ibi tí omi ti lè jò. Mo ní, "Ẹnu o, fèrè o, ọ̀kan náà ni. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, má ṣe é. Ẹni yòówù kó ní kí o ṣe é, má ṣe é."

Ó ní, "Ẹ ṣé, mà," ó sì padà sídìí abọ́.

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í já, ilé ìwé wọn ní àwọn fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ rìn lórí òkè. Òkè tí Bàbá ti da àgùntàn ni. Mo lọ bá olùkọ́ wọn. Mo bi í nípa oúnjẹ tí wọn yóò jẹ, ṣé ẹran inú rẹ̀ bá ẹ̀sìn wa mu. Mo bi í nípa bàtà, nípa òjò, nípa ẹni tí yóò wà lẹ́yìn àti ẹni tí yóò wà níwájú. Ọ̀dọ́bìnrin ni olùkọ́ náà, ó sì ní sùúrù. Ó fi fèrè kékeré kan hàn mí, aláwọ̀ ọsàn, tó ní okùn. Ó ní ọmọ kọ̀ọ̀kan ni yóò fi ọ̀kan kọ́ ọrùn. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣìnà, kó dúró lójú kan, kó máa fọn ọ́n. Mo di fèrè náà mú, mo fa okùn rẹ̀ wò bóyá yóò já. Kò já. Mo dúpẹ́, mo lọ sílé.

Lọ́jọ́ ìrìn náà, ọ̀sán ti ń rẹlẹ̀, mo ń gé èékánná Bàbá nígbà tí fóònù mi dún. Olùkọ́ náà ni. Ó ní kùrukùru ṣàdédé bo òkè nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Ó ní nígbà tí wọ́n ka àwọn ọmọ lẹ́nu bọ́ọ̀sì, Àṣàkẹ́ kò sí níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sọ pé ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kan jábọ́, ó sì yà lọ mú un. Ìbọ̀wọ́ tuntun ni. Èmi ni mo ti kìlọ̀ fún un láàárọ̀ pé kó má sọ ọ́ nù.

Mi ò mọ ohun tí mo sọ. Bàbá ti gbọ́ èyí tó tó. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ṣé ó ní fèrè?"

"Ó ní."

"Kó fọn ọ́n. Kùrukùru máa ń gbé ohùn ènìyàn mì, ṣùgbọ́n kì í gbé fèrè mì. Wọn yóò rí i. Lọ."

Ọ̀gá wa fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi lọ. Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé abẹ́ òkúta ni àwọn baba wa sá sí, òkúta náà sì dáàbò bò wọ́n. Òkè tí mo rí lọ́jọ́ náà kò ní ojú, kò ní orí. Ògiri funfun kan ni, ó sì ń dúdú lọ bí a ṣe ń wò ó.

Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti wá ẹni tó bá sọnù lórí òkè ti dé, pẹ̀lú aṣọ pupa, tọ́ọ̀ṣì àti ajá. Olórí wọn, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan, mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́, ó ń pe orúkọ ọmọ mi bó ṣe lè pè é. "Fọn fèrè rẹ! A ó wá bá ọ!" Lẹ́yìn náà wọ́n á dákẹ́ láti gbọ́. Kò sí nǹkan kan. Ó tún pè. Wọ́n tún dákẹ́. Mi ò gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì fẹ́ gbọ́ ọ mọ́.

Olùkọ́ náà ń sunkún. Ó ní, "Ó wà lọ́rùn rẹ̀. Mo rí i lọ́rùn rẹ̀."

Ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ sí èkejì rẹ̀, ó rò pé mi ò gbọ́. Ó ní bí ọmọ bá ní fèrè tí kò fọn ọ́n, ó lè jẹ́ pé ó ti ṣubú. Ó lè jẹ́ pé kò lè fọn ọ́n. Kò parí rẹ̀.

Mo fara ti pátákó kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà òkè náà. Ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì ẹnì kan kọjá lára pátákó náà, mo sì rí ohun tó wà lórí rẹ̀. Àwòrán ejò ni, ó ká, ó gbé orí sókè. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ejò ń gbé lórí òkè yìí, kí àwọn tó ń kọjá ṣọ́ ibi tí wọ́n ń tẹ̀.

Àṣàkẹ́ ti kọjá níwájú pátákó yìí láàárọ̀. Àṣàkẹ́ kì í fo ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ kọjá. Mo gbójú sókè. Ilẹ̀ ti ṣú.

Mo ní, "Kò ní í fọn ọ́n."

Ọkùnrin náà yíjú sí mi. "Kí lẹ wí?"

"Ọmọ mi. Ó ń gbọ́ yín. Kò ní í fọn ọ́n. Èmi ni mo ní kó má fọn ọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú."

Mo rí i pé kò yé e. Kò sì bèèrè ìdí. Ó fi gbohùngbohùn náà lé mi lọ́wọ́, ó fi ibi tí màá tẹ̀ hàn mí.

Mo ní, "Àṣàkẹ́! Èmi ni. Fọn fèrè rẹ."

A dákẹ́. Kò sí nǹkan kan.

Mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo mọ ọmọ mi. Mo ti sọ fún un pé ẹni yòówù kó ní kó ṣe é, kó má ṣe é, mi ò sì sọ pé yàtọ̀ sí èmi. Ó ní láti jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò ní ibi tí omi ti lè jò.

"Àṣàkẹ́, ọmọ mi, èmi ìyá rẹ ni mo ń sọ̀rọ̀. Mo mú ọ̀rọ̀ mi kúrò. Èyí tí mo sọ nídìí abọ́, mo mú un kúrò. Ilẹ̀ ti ṣú, mo mọ̀. Fọn ọ́n. Bí ejò bá dá a lóhùn, èmi ni kó wá bá."

Ajá kan ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó na etí sókè, ó yíjú sí apá òsì òkè. Lẹ́yìn náà ni àwa náà gbọ́ ọ, tín-ín-rín, bí ìgbà tí ẹnì kan ń fa okùn láti òkèèrè. Ó dúró. Ó tún dún. Kò tún dá a dúró mọ́ títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Inú kòtò kan ni wọ́n ti bá a, láàárín koríko gbígbẹ tó ga dé àyà rẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ́, kò lè dìde. Òtútù ti mú un débi pé ètè rẹ̀ ń gbọ̀n lára fèrè náà. Ìbọ̀wọ́ méjèèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tó gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn, ó ní, "Mo gbọ́ wọn, Mọ́mì. Mo pariwo, pariwo, wọn ò gbọ́ mi. Wọ́n ní kí n fọn ọ́n. Mo fẹ́ fọn ọ́n. Ṣùgbọ́n koríko yẹn ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi." Ó fi ọwọ́ kan fèrè náà. "Ẹ sì ní ẹnu o, fèrè o, ọ̀kan náà ni."

Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ kejì mú, èyí tí kò dùn ún, mi ò fi í sílẹ̀ títí a fi dé.

Nígbà tí a padà délé, mo pe ìyá mi. Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ fún un lọ́tẹ̀ yìí. Ìbéèrè kan ló bi mí.

"Ṣé o ò sọ ìyókù fún un ni?"

"Ìyókù wo, Màmá?"

"Ìyá Àṣàkẹ́. Ṣé o ti gbàgbé ọlọ́dẹ wa?"

Mi ò gbàgbé. Gbogbo òru ní Adigbe ni ọlọ́dẹ àdúgbò máa ń fọn fèrè, ọlọ́dẹ àdúgbò kejì á sì dá a lóhùn. Fèrè rẹ̀ la fi ń sùn. Bí kò bá dún, ìyá mi á jí.

Ó ní, "Fèrè kan kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn wa. Ta ló fọn ọ́n lọ́jọ́ tí olè wá sí ilé Ìyá Síkírà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa? Èmi ni. Àdúgbò jáde tán kí n tó mí. Kí súfèé ọmọdé má bàa da ti ọlọ́dẹ rú ni a ṣe ní kí ẹ má súfèé lálẹ́. Ejò la fi ń dẹ́rù bà yín, torí ẹ̀yin ọmọ ò mọ olè."

"Ẹ ò sọ ọ́ fún mi rí."

"O ò bi mí rí. Mo rò pé o ń rí i." Lẹ́yìn náà ó ní, "Èèwọ̀ tó dáa máa ń ní ilẹ̀kùn. Ẹni tí ewu bá bá, ibẹ̀ ló ń gbà jáde."

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀ láti ìgbà náà. Nílé, kò sí ẹni tó nílò kó sọ ìyókù fún mi. Òru Adigbe ló ń sọ ọ́. Ọlọ́dẹ ń sọ ọ́, fèrè tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ń sọ ọ́, àwọn aládùúgbò tó jáde pẹ̀lú igi lọ́wọ́ ń sọ ọ́. Ìdajì lẹ́nu ìyá, ìdajì lójú pópó. Nígbà tí mo ń bọ̀ níbí, ìdajì ti ẹnu ìyá ni mo gbé. Mi ò lè gbé ojú pópó. Mo sì fún ọmọ mi ní ìdajì yẹn bí ẹni pé odindi ni. Ọmọ mi kò rí ọlọ́dẹ rí. Ibo ni ì bá ti mọ̀?

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, mo mú Àṣàkẹ́ lọ sí ibi iṣẹ́ mi, pẹ̀lú báńdéèjì lẹ́sẹ̀. Bàbá kò bi mí ní ohun tó pọ̀. Ó ní, "Ó fọn ọ́n?" Mo ní, "Ó fọn ọ́n." Ó mi orí pé ó dára.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo gbé tíréè kọjá, iná ọ̀nà ti tàn, ìta ti dúdú. Bàbá súfèé láti inú yàrá rẹ̀, èyí tó fi ń pe ajá pé kó máa bọ̀ nílé. Láti òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tó ti ń bá àwọn ìyá àgbà ṣeré, Àṣàkẹ́ ki ìka bọ ẹnu. Ó wò mí kó tó súfèé. Mo mi orí fún un pé kó ṣe é. Ó dá a lóhùn, mi ò sì wo abẹ́ ibùsùn kankan lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mi ò bá ìyá tó kìlọ̀ lórí WhatsApp jà. Èèwọ̀ wa ni, mo sì fẹ́ kí Àṣàkẹ́ mọ̀ ọ́n, kó sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tirẹ̀. Mi ò sì ní í sọ pé kò sí ejò. Mo ti rí pátákó rẹ̀.

Ohun kan ni mo ń bẹ̀ yín fún. Bí ẹ bá ti kọ́ ọmọ yín pé kó má súfèé lálẹ́, ẹ pè é lónìí. Ẹ sọ fún un pé bí ewu bá dé, kó fọn fèrè, kó súfèé, kó pariwo, ilẹ̀ ì báà ti ṣú. Ẹ má fi í mọ sí sísọ nìkan. Ẹ fi fèrè lé e lọ́wọ́ lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, kó fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan níṣojú yín, kó sì rí i pé ẹ kò bínú.